Ṣé 'Ọ̀nà' ni PATH? Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Èdè Unix

1. Ìfáàrà
Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, PATH, tí àwọn tí ó ń lo Unix máa ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lo ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá Unix fúnra rẹ̀ wá. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, 'ọ̀nà' ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lẹ́nu. Èrò tiwa ni pé ìtumọ̀ yìí kò kún tó, ó sì lè ba iṣẹ́ jẹ́.

2. Ohun tí PATH ń ṣe
Ní ọdún 1979 ni ẹ̀dà keje Unix jáde láti Bell Labs ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀lì tí Stephen Bourne kọ. Ṣẹ́ẹ̀lì ni ètò tí ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ó ní àwọn orúkọ kan tí a so iye mọ́, tí ó ń fi lé àwọn ètò tí ó bá gbé dìde lọ́wọ́. Àpapọ̀ wọn ni a ń pè ní àyíká. PATH jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àtòjọ fódà ni a so mọ́ ọn, kólóònù ni a sì fi ń pín wọn níyà, báyìí:

/usr/local/bin:/usr/bin:/bin

Bí a bá tẹ orúkọ àṣẹ, ṣẹ́ẹ̀lì yóò wá a nínú fódà àkọ́kọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò kọjá sí èkejì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí ni yóò lò: ẹni a bá lábà ni baba. Bí kò bá rí i rárá, yóò ní òun kò rí àṣẹ náà, bí ètò náà tilẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ní abẹ́ /opt.

3. Ibi tí 'ọ̀nà' ti kùnà
Ọ̀nà a máa mú ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ dé ibì kan pàtó. /opt/iwe/bin jẹ́ ọ̀nà lóòótọ́, nítorí ó ń tọ́ka sí ibì kan. Ṣùgbọ́n PATH kì í ṣe ibì kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan pe nǹkan méjì. Kò yẹ kí a jogún àṣìṣe wọn.

Ẹnìkan lè ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú òwe náà, gbogbo ọ̀nà ni ó dé ọjà. Nínú PATH, púpọ̀ nínú ibi tí a wò ni a kò ti rí nǹkan.

Ewu rẹ̀ nìyí. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó 'fi ọ̀nà ètò náà sí PATH' lè kọ:

PATH=/opt/iwe/bin

Àtòjọ àtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn. Àṣẹ ls pàápàá kò ní ṣeé rí mọ́. Ohun tí ó yẹ ni:

PATH=$PATH:/opt/iwe/bin
export PATH

$PATH ni ó di ti àtijọ́ mú. Bí a bá fi fódà tuntun ṣáájú, àṣẹ inú rẹ̀ lè bo èyí tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà mọ́lẹ̀. Bákan náà, ọmọ ni ó ń jogún àyíká. Òbí kì í jogún ọmọ. Nítorí náà, inú fáìlì .profile ni a ń kọ ọ́ sí, kí ó má baà parẹ́ nígbà tí a bá ti ṣẹ́ẹ̀lì náà pa.

4. Àgbálọgbábọ̀
A dábàá 'àtòjọ ibi ìwákiri'. A kò mú 'ìwáṣẹ', nítorí bí àmì ohùn bá bọ́, ènìyàn lè kà á sí 'ìwáṣẹ́'. Kí olùdánwò má ṣe fún 'ọ̀nà' lásán ní máàkì tí ó pé. Ohun mẹ́ta ni kí ó wá nínú ìdáhùn: pé àtòjọ ni, pé ẹni tí ó ṣáájú ni ó ń borí, àti pé a kì í da ti àtijọ́ nù nítorí tuntun.