Ìwé Ìyá Kúdẹtì

Ìwé kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu àwa olùkọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwé ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀ láàárín wa. Seventeen Years in the Yoruba Country ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a lè pè ní Ọdún Mẹ́tàdínlógún ní Ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1872. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Anna Hinderer, obìnrin Òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, ni a kó jọ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí a yẹ ìwé náà wò fínnífínní, nítorí pé ọ̀nà méjì tí a ń gbà kà á lóde òní kò tọ́ sí i. Àwọn kan ń kà á bí ìtàn ẹni mímọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Àwọn mìíràn rí òkùnkùn àti kèfèrí ní ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì pa á dé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wá gba ilẹ̀ wa ni. Èrò tèmi ni pé ìwé náà kò ga tó bí àwọn ti ìṣáájú ti ń gbé e, ó sì níye lórí ju bí àwọn ti ìkẹyìn ti rò lọ.

Ní ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ní ẹkùn Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ kan ní Lowestoft àti aya rẹ̀ ni ó lọ gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ó di aya David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ C.M.S., ẹni tí ó ti dé Ìbàdàn wò ní 1851. Kí ọdún náà tó parí, tọkọtaya náà ti wà lójú agbami. Ọmọ ọdún 25 ni ìyàwó.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Anna Hinderer kò jókòó kọ ìwé. Lẹ́tà ni ó ń kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé. Ó kú ní 1870, ní ọmọ ọdún 43, ọdún kan lẹ́yìn tí ó fi Ìbàdàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn so ó pọ̀, Archdeacon Richard Hone sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Nítorí náà ọwọ́ méjì ni ó wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kò sì ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin tí ó ń kọ̀wé pẹ̀lú ibà lára àti ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì jẹ́ ti àwọn tí ó jókòó ní ìtura, tí wọ́n fẹ́ kí òǹkàwé sunkún, kí ó sì dáwó. N kò fi èyí bú wọn, nítorí iṣẹ́ náà kò lè lọ láìsí owó. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń tọrọ owó a máa fẹ́ kí ibi tí owó náà ń lọ ṣókùnkùn birimùbirimù, kí ẹni tí ó gbé àtùpà lọ síbẹ̀ sì máa tàn yanranyanran. Àkọlé pàápàá ní àsọdùn díẹ̀ nínú: láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ń wí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó padà sí ilé, ní 1856 àti ní 1865, kí ó tó wá lọ pátápátá ní 1869. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí fèrèsé gíláàsì ní kàtídírà Liverpool láàárín àwọn obìnrin ọlọ́lá. Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní ìhà Calabar mọ ìtàn Mary Slessor, tí ó dé sí ọ̀dọ̀ yín ní 1876. Òun náà kú tán ní 1915 kí W. P. Livingstone tó kó lẹ́tà rẹ̀ jọ di ìwé.

Níbo wá ni ohùn Anna Hinderer fúnra rẹ̀ ti ń dún? Kì í ṣe níbi tí ó ti ń gbàdúrà fún ìyípadà àwọn orílẹ̀-èdè. Gbólóhùn tí ó ń lò níbẹ̀, míṣọ́nnárì tí ó wà ní Íńdíà tàbí ní erékùṣù Fíjì lè lò ó láì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ibi tí ó ti ń sọ nípa ilé ni ohùn rẹ̀ ti ń yọ: ilé alámọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ní Kúdẹtì, àwọn ọmọ tí a ń wẹ̀, tí a ń rán aṣọ fún, tí a ń kọ́ ní A B D, ibà tí ó dá a dùbúlẹ̀ lónìí tí ó sì tún wà níwájú kíláàsì lọ́la. Kò pẹ́ rárá tí díẹ̀ nínú àwọn tí ó bá wọn wá láti Òkè-Òkun fi di ará isà òkú. Ìgbàgbọ́ tí mo rí nínú àwọn ojú ewé wọ̀nyí kì í ṣe ti ìran àti ìṣípayá. Ìgbàgbọ́ ẹni tí ó dìde ní òwúrọ̀ ni, tí ó ka iye ọmọ tí ó wà nílé, tí ó ka iye owó ẹyọ tí ó kù nínú agbọ̀n, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́. Olúnlóyọ̀, jagunjagun kan ní Ìbàdàn, fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ ní 1853. Orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn. Àwọn òbí mìíràn fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. A kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé náà bí àìmọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ó bá ń ka ibẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀ dúró díẹ̀. Ìlú tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀ dó ni Ìbàdàn. Àwọn ni wọ́n dá ogun Fúlàní dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ọmọ tí ó bá fẹ́ di ẹni ńlá níbẹ̀, ojú ogun ni yóò gbà. Bàbá tí ó bá béèrè pé kí ni ọmọ tí ó jókòó ti síléètì láti àárọ̀ di ọ̀sán yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí ìwé náà kò sì béèrè ni pé kí ni Olúnlóyọ̀ rí tí àwọn yòókù kò rí. A kọ ẹ̀bùn náà sílẹ̀, a kò kọ èrò ẹni tí ó fi í fún ni.

Ìyá ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, àwọn tí ó kó o jọ sì mú un bí orúkọ ìfẹ́, wọn kò lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ẹnì kan ni obìnrin máa ń jẹ́: Ìyá Àjàyí, Ìyá Àìná. Anna Hinderer kò bímọ. Kò sí orúkọ ọmọ kan tí a lè fi kún tirẹ̀. Ìyá ni, ó tán, ìyá gbogbo àwọn tí ó wà ní agbolé náà, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó yẹ kí a ka èyí mọ́ ojú ewé tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa Ìyálóde, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jù nínú ìwé náà. Ó rí i pé ọ̀dọ̀ Ìyálóde ni ẹjọ́ àwọn obìnrin ń kọ́kọ́ dé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olórí ìlú, ó sì kọ ọ́ láì fi ṣẹ̀sín. Ní ilẹ̀ tí ó ti wá, ó di 1918 kí obìnrin tó lè dìbò yan aṣòfin. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí èyí láti ẹnu àwọn tí ó ṣa ìwé náà jọ.

Apá tí ó yẹ kí a dúró tì pẹ́ ni apá ogun. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, ìlú Kúrunmí. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú dí. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà etí òkun kò tìtorí bẹ́ẹ̀ là. Owó, oògùn, lẹ́tà, aṣọ, gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ti Èkó wá kò rí ọ̀nà kọjá. Ilé tí ó kún fún ọmọ kò ní owó ẹyọ tí a ó fi ra iṣu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun èlò ilé; ohun tí a rù la òkun kọjá wá di ọjà títà fún àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ̀wà tí a fi epo díẹ̀ sè di oúnjẹ pàtàkì, ebi sì ń pa àwọn ọmọ níṣojú ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá.

Ní ojú tèmi, kò sí ibòmíràn tí lẹ́tà rẹ̀ ti dára tó báyìí. Ẹni tí ó wá láti bọ́ ọkàn àwọn ènìyàn ni ó ń wo ọwọ́ wọn nísinsin yìí kí ikùn rẹ̀ má baà ṣófo. Àwọn ará ìlú tí ó mọ̀ wọ́n, àwọn onígbàgbọ́ tuntun tí ebi ń pa àwọn náà, mú nínú ìwọ̀nba tí wọ́n ní wá. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wí i. Àwọn tí ó ṣa ìwé jọ ni wọ́n ń sáré kọjá: bí iṣu bá dé, wọn a ní Ọlọ́run ni ó pèsè. N kò bá ẹ̀kọ́ ìsìn wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru iṣu náà wá ní orúkọ, kò sì sí ìdí tí a kò fi ní kọ ọ́.

Ní 1865, Glover, tí í ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán Captain Maxwell gba inú igbó wá gbé e jáde. Òru ni ó wọlé. Wákàtí díẹ̀ ni Ìyá ní láti fi dágbére fún àwọn ọmọ. Kò tó ọdún méjì tí ó fi tún padà sí Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí ìgbàgbọ́ obìnrin yìí, ibẹ̀ ni kí ó wò, kí ó fi àwọn àdúrà gígùn sílẹ̀: ó ti mọ bí ebi ti ń rí ní ìlú náà, ó sì tún wọ ọkọ̀ padà.

Àléébù ìwé náà kò farasin. Ó kọ orúkọ àwọn ènìyàn àti ti ìlú lọ́nà tí Yorùbá fi ní láti ronú kí ó tó mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ òkùnkùn pọ̀ níbẹ̀ débi pé ó ń sú ni. Ìsìn àwọn baba wa kò rí ẹni bi í léèrè ohun tí ó gbàgbọ́. Àti pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ó pa àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Haúsá lẹ́rìn-ín: ọ̀rọ̀ tí àwọn oníwàásù fi ń pe àwọn abọ̀rìṣà, kèfèrí, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ilẹ̀ Haúsá ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àdúrà àti ìwàásù, bákan náà ni àwọn méjèèjì. Míṣọ́nnárì tí ó ń kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní àdúrà Kírísítì, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti yá orúkọ àdúrà náà fún un, ìwé náà kò sì fura.

Ẹni tí mo kẹ́dùn fún jù nínú rẹ̀ ni Daniel Olúbí. Abẹ́òkúta ni ó ti wá. Ilé àwọn Hinderer ni ó ti bẹ̀rẹ̀ bí ìránṣẹ́, tí ó sì di olùkọ́. Nígbà tí wọ́n lọ ní 1869, òun ni iṣẹ́ Kúdẹtì wà lọ́rùn rẹ̀. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní 1871, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Nínú ìwé náà, ọmọ ọ̀dọ̀ olóòótọ́ ni. Òun náà kọ àkọsílẹ̀, ó wà láàárín àwọn ìwé C.M.S. tí a kó pamọ́ sí yunifásítì Birmingham, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1872.

Báwo ni a ṣe lè lò ó fún àwọn ọmọ? Mo dábàá pé kí a fi apá tí ó dá lórí ìgbà èwe rẹ̀ àti púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdápọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ sílẹ̀, kí a mú ilé Kúdẹtì, Ìyálóde àti ogun, kí a túmọ̀ wọn, kí a sì tún orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kọ bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ ìtumọ̀ kò ṣàjèjì sí ilé náà: David Hinderer ni ó sọ ìwé John Bunyan di Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ní 1866. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé ojú ewé ogun Ìjàyè nínú ìwé Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ogun kan náà nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Johnson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn Hinderer ní Ìbàdàn. Ó wà nínú ìlú nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ fún kíláàsì ní méjèèjì, kí ó sì ní kí wọ́n wá èyí tí ó ka iye àwọn olóyè tí ó lọ sí ogun, àti èyí tí ó ka iye owó ẹyọ tí ó kù nílé.