Kí Ẹ̀rọ Tó Lajú

Ó tó wákàtí kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi dúró sórí ìlà kan ṣoṣo. Yàrá rẹ̀ wà ní Ọbáníkòró, lẹ́yìn títì Ìkòròdú, níbi tí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbé ojú búlúù kan síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tò sórí rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń wò ó láìtẹ nǹkan kan.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, mo sì mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord lò ṣe ń dúró tì í kí bébà àkọ́kọ́ tó wọlé: á tú bóòtù díẹ̀, á dé e padà, á wo bí íǹkì ṣe ń tẹ́ lórí ròlà. Oníbàárà tó jókòó á máa bínú pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àpótí kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́, tí yóò máa gbé inú ilé jẹnẹrétọ̀, tí yóò máa ka dísẹ́ẹ̀lì tó kù nínú táńkì, tí yóò sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. BeagleBone Black ló wà nínú rẹ̀, pátákó kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Nígbà tí iná bá kọ́kọ́ dé ara pátákó yìí, kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Linux tó máa ṣiṣẹ́ wà nínú káàdì, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ lọ gbé e wá, ẹni náà ni bootloader. Mo fi wé ọmọ iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń ṣí ìlẹ̀kùn, tó ń tan jẹnẹrétọ̀, tó ń to bébà sílẹ̀ de ọ̀gá. Bí ọmọ yìí kò bá wá, ìta ni ọ̀gá máa wà.

U-Boot lorúkọ èyí tó ń lò. Wolfgang Denk, ará Jámánì, ló gbé e dìde. PPCBoot ni wọ́n ń pè é ní 2000, ó di U-Boot ní 2002. Denk kú ní 2022, iṣẹ́ náà kò dúró. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù lè tú u palẹ̀ kó tún un tò, ìtúntò yẹn gan-an sì ni mo wá wò. Láti 2014 ni Masahiro Yamada ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìpinnu inú rẹ̀ sí abẹ́ Kconfig, irú èyí tí Linux ń lò. Ẹ óò tẹ `make menuconfig`, ojú búlúù yẹn á yọ. Ẹ tẹ space, ìràwọ̀ á bọ́ sínú àkámọ́. Ẹ tún un tẹ̀, á pòórá. Ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kan lè fa mẹ́ta mìíràn wọlé láìsọ fún yín, ìdí nìyẹn tí ọmọ yìí fi máa ń tẹ àmì ìbéèrè, tó ń ka àlàyé tán, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó ti kọ́kọ́ bá ìwọ̀n jà. Apá àkọ́kọ́ U-Boot, tí wọ́n ń pè ní MLO, ló máa jí ìrántí ńlá 512 MB. Títí di ìgbà náà, àyè kékeré inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa gbé, àyè náà kò sì ju 109 KB lọ. Nítorí náà ó ń gé e bí a ṣe ń gé etí ìwé. Àpótí yìí kò ní gba Linux láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì láé, ó yọ ìyẹn kúrò. Kò ní gbà á láti ara USB, ó yọ ìyẹn náà.

Lẹ́yìn náà ló kan ìṣẹ́jú-àáyá 2 tí U-Boot fi ń dúró wò bóyá ẹnìkan fẹ́ dá a dúró. Bọ́tìnnì èyíkéyìí lè dá a dúró. Ní ilé jẹnẹrétọ̀, wáyà tí kò so mọ́ nǹkan kan lè gba ariwo iná, kí U-Boot rò pé ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́, kó sì jókòó kalẹ̀ máa retí àṣẹ nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa. Ọmọ yìí lè ti ọ̀nà náà pa pátápátá, kò tì í. Ó tan AUTOBOOT_KEYED, ó fún un ní ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè dá a dúró. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́la. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Wàyí o, ìlà tó gba wákàtí kan. Bootcount ni. Ní gbogbo ìgbà tí pátákó bá jí, U-Boot á fi ọ̀kan kún iye kan; Linux tó bá jí ní àlàáfíà ló ń dá iye náà padà sí òdo. Bí iye náà bá kọjá ààlà, U-Boot á pa àṣẹ tó mọ̀ tì, á tẹ̀ lé `altbootcmd`, á lọ gbé Linux ti tẹ́lẹ̀ wá. Bí Linux tuntun tó fi ránṣẹ́ bá bàjẹ́, àpótí á gba ara rẹ̀ là.

Níbo ni ká kọ iye náà sí? Ibi kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yìí gan-an, nínú aago rẹ̀. Ó yára, kò da káàdì láàmú. Èmi ì bá mú un kíá. Ṣùgbọ́n BeagleBone Black kò ní bátìrì fún aago yẹn. Bí iná bá lọ pátá, iye náà bá iná lọ.

Ó ní, "Àǹkú, ibi tí à ń gbé yìí, iná lè má jẹ́ ká kà dé mẹ́ta."

Ó mú BOOTCOUNT_ENV, tó ń kọ iye náà sínú káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ètò yòókù. Kí káàdì má baà tètè gbó, ìgbà tí `upgrade_available` bá jẹ́ 1 nìkan ló ń kọ ọ́, ìyẹn ìgbà tí Linux tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí iná bá wá lọ lásìkò tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Ó lọ tan SYS_REDUNDAND_ENVIRONMENT. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi D kọ ọ́ níbi tó yẹ kí T wà. Ojú àwa òǹtẹ̀wé kì í fo irú ẹ̀ dá. Ẹ̀dà méjì ló ń wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú CRC32 tirẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé ó pé. Èyí tó pẹ́ jù ló máa ń kọ lé lórí, tuntun á wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Pẹ́ńsù ló fi ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n má gun ara wọn, bí a ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Nígbà tó ṣe tán, ó tẹ `make savedefconfig`. Fáìlì tó ju ẹgbẹ̀rún ìlà lọ sún kì, ó ku kìkì ibi tó ti yà kúrò lọ́nà tí wọ́n là sílẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, pẹ̀lú ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Á tẹ `saveenv` kí U-Boot kọ àwọn ètò sínú káàdì, á yọ plọ́ọ̀gì pátákó láàárín iṣẹ́, á kì í bọ̀ ọ́ padà, á wo lẹ́tà tó ń jáde, á fa ìlà kan sínú ìwé. Ó ti fa 20. Bó ṣe tún tẹ̀ ẹ́ tó na ọwọ́ sí plọ́ọ̀gì, iná Ọbáníkòró lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó mú ọwọ́ kúrò, a jọ jókòó dè é. Nígbà tí iná dé, pátákó jí, ó rí ẹ̀dà tó pé, ó kọjá lọ gbé Linux. Ó fa ìlà kọkànlélógún sínú ìwé, ó tún na ọwọ́ sí plọ́ọ̀gì.