Ẹ̀rín Tí Ó Kọjá Ẹkún: Ìhà Tí Àwọn Òǹlò Twitter Kọ sí Ìfòfindè Ọdún 2021 ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní orílẹ̀-èdè náà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ ọ̀hún pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́. Orí Twitter kan náà ni ìjọba fi ìkéde yìí sí. Ìtakora náà di ohun ẹ̀rín. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ òǹlò fi ń gba orí VPN wọlé, tí wọ́n sì ń kí ara wọn bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n wà.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rín yìí fi hàn pé òfin náà kò dun ará ìlú kò wò ó jinlẹ̀. Ọ̀ràn tí ó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Ìbínú wà nínú ẹ̀rín náà, ìbẹ̀rù sì wà níbẹ̀, nítorí pé Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ti pàṣẹ pé kí wọ́n pe àwọn tí ó bá rú òfin náà lẹ́jọ́. Ẹni tí ó ń ṣàwàdà pé òun kò sí nílé ń fi àwàdà sá pamọ́ ni.

Ó bójú mu láti fi èyí wé ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n àfiwé náà ní ibi tí ó mọ. Ìlú ni ó fún ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ láṣẹ láti bú aṣebi. Ọba kì í sì í pa ọ̀kọrin. Òǹlò Twitter kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀fẹ̀ ni ó wà nílẹ̀ láti kà. Oníṣòwò tí kò rí oníbàárà rẹ̀ mọ́, ẹni tí kò mọ VPN lò, àti ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó sì dákẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ìwádìí tí ó bá ka ẹ̀fẹ̀ nìkan yóò sọ ìnilára di àwàdà.

Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022 ni ìjọba tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó dákẹ́.