Àmì Ohùn àti Ẹ̀rọ Atúmọ̀-Èdè: Àríwísí lórí Títúmọ̀ Yorùbá Nípasẹ̀ API

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni API rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà láìsí pé ènìyàn jókòó tì í. Ètò náà yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, yóò sọ èdè àfojúsùn, èsì yóò sì padà lójú ẹsẹ̀. Bí gbólóhùn bá ní pọ́n-na, ẹ̀rọ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ nítòsí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “Iba wa ni Ojo” láìfi àmì ohùn sí i, ará Òkòkòmáíkò tí ó kà á mọ̀ pé ìlú Oníbà ni, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni ó wà. Lójú ẹ̀rọ, “iba” lè jẹ́ ibà tí ń ṣeni tàbí ìbà tí a ń ṣe fún àgbà. “Ojo” lè jẹ́ òjò, ọjọ́, ojo tàbí Òjó. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ èdè, àwa náà ni a sì ń kọ Yorùbá síbẹ̀ láìlámì, bí ẹni pé a kò fọwọ́ sí àkọtọ́ kankan ní 1974.

Bí a tilẹ̀ fi àmì sí i, iṣẹ́ ṣì kù. “Wọ́n ti dé” tí a sọ nípa Oníbà, ẹnìkan ni. Bí gbólóhùn náà bá dá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, kí ni yóò fi mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀pọ̀?

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti owó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n ọ̀fẹ́ oṣooṣù, iye ẹ̀yọ àmì-ìkọ̀wé tí a fi ránṣẹ́ ni Google ń gba owó lé lórí. Nínú Unicode, “é” jẹ́ ẹ̀yọ kan, ṣùgbọ́n “ọ́” kò ní ẹ̀yọ tirẹ̀. “Ọ” àti àmì òkè ni a ń so pọ̀. Nítorí náà, “Ojo” jẹ́ ẹ̀yọ mẹ́ta, “Ọ̀jọ́” kò sì lè dín ní márùn-ún. Ẹni tí ó pa àkọtọ́ mọ́ ni yóò sanwó jù.

A kò ní kí àwọn olùkọ́ lọ́la má lò ó. Ní kíláàsì, kí wọ́n fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìlámì, kí wọ́n sì kọ èsì méjèèjì sí ara pátákó.