Búrẹ́dì Àjàṣẹ́ àti Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́: Lámèyítọ́ lórí Ìrìn-Àjò Ọlọ́jọ́ Kan fún Ẹ̀kọ́ Èdè Faransé

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ èdè Faransé ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sọdá lọ sí Calais tàbí Boulogne láàárọ̀, kí wọ́n lọ ná ọjà, kí wọ́n tọ́ búrẹ́dì àti wàràkàsì wò, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Àwa tí à ń kọ́ èdè yìí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ní irú rẹ̀. Tiwa ni Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò la máa ń gbà lọ.

Nínú iṣẹ́ yìí, a kò ní kí ìrìn-àjò náà dáwọ́ dúró. Bí a ṣe ń ṣe é ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé a ti sọ ọ́ di ìwòran, a sì ti gba iṣẹ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ni à ń pè ní oúnjẹ Faransé?

Ohun tí ìwé ètò wa sábà máa ń wí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ mọ oúnjẹ àti àṣà Faransé. Tí wọ́n bá débẹ̀, búrẹ́dì gígùn, ẹyin díndín àti kọfí oní-mílíìkì ni wọ́n ń jẹ. Lóòótọ́, UNESCO fi iṣẹ́ ọnà àti àṣà búrẹ́dì baguette sínú àkọsílẹ̀ ogún ìran ènìyàn ní 2022. Ṣùgbọ́n ní 2010, ó ti kọ́kọ́ fi oúnjẹ àpèjẹ àwọn ará Faransé síbẹ̀. Kì í ṣe ọbẹ̀ kan pàtó ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún náà, bí kò ṣe ìjókòó: bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì, bí oúnjẹ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ní ìpele mẹ́rin ó kéré tán, àti ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ nídìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń fa búrẹ́dì ya ti jẹ búrẹ́dì. Kò tíì mọ àṣà ìjẹun Faransé.

Oúnjẹ àwọn ará Àjàṣẹ́ fúnra wọn sì wà nílẹ̀ tí a kì í kà sí. Amiwo wà, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti omi ẹran rò. Àbólò wà. Àkàrà náà wà, tí àwọn Gùn ń pè ní ata. Oúnjẹ ilẹ̀ Faransé kọ́ nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ wọn sára pátákó ilé oúnjẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Paris, pâte ni ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ní Àjàṣẹ́, òkèlè ni. Ará Paris á ní bienvenue. Ará Bẹ̀nẹ̀ á ní bonne arrivée, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá á mọ̀ pé 'ẹ kú àbọ̀' ló ń gbọ́ yẹn.

Àṣìṣe tiwa

Nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ tí a bá wọn lọ, olùkọ́ ló ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, olùkọ́ ló béèrè oúnjẹ, olùkọ́ náà ló sanwó. Ìyá olóúnjẹ kí wa ní Yorùbá, nítorí Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Àjàṣẹ́. Inú wa dùn, a yà fọ́tò. Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ gbólóhùn Faransé kan tó bá àlejò sọ lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀nba ló rí nǹkan sọ. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mé jẹ'. Àwọn ọmọ wa kò fi Faransé gba oúnjẹ, wọn kò sì fi kọ̀ ọ́.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Àwa la ṣètò rẹ̀ tí Faransé kò fi wúlò fún wọn.

Àbá

Ẹ jẹ́ kí a pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, kí a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó sẹ́fà rẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn ka pátákó oúnjẹ, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì gba ṣéńjì. Kí a jókòó nídìí oúnjẹ fún wákàtí méjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn náà ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Kí a má ṣe ka Yorùbá léèwọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ oúnjẹ kan náà sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé. Kí a má sì rò pé ọjọ́ kan lè rọ́pò oṣù tí wọ́n ń lò ní Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àgbádárìgì láti 1991.

Àgbálọgbábọ̀

Ètò ìmúlò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti 1998 ní kí Faransé jẹ́ èdè ìjọba kejì. Àwọn tí à ń kọ́ yìí ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí wọ́n bá ti Àjàṣẹ́ dé pẹ̀lú fọ́tò nìkan, fọ́tò náà ni wọn yóò fi han ọmọ. Bí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn ra oúnjẹ, wọn á ní èdè tí wọn yóò fi kọ́ni.