Ẹ̀rọ Kọfí àti Iná Ilé Wa

Agbègbè Ìkòròdú ni ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná Egbin wà. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ibẹ̀ ni a ṣe láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Síbẹ̀, ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ espresso, kọfí kíki àwọn ará Ítálì, sí ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ ní láti kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kọfí wọ̀nyí ń gba ju wáàtì 1,000 lọ. Èyí tí à ń pè ní ‘I better pass my neighbour’ kò lè gbé e. (Ẹni tó ní sólà ńlá lè fi mí rẹ́rìn-ín.) Yàrá ìgbàlejò ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó sí, tí àlejò yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ère.

Èyí tí Alfonso Bialetti gbé jáde ní Ítálì ní ọdún 1933 ni èmi yàn: ìkòkò alumíníọ̀mù kékeré tí a ń gbé ka orí gáàsì. Oru inú rẹ̀ ni ó ń ti omi gbígbóná gba àárín kọfí lílọ̀ gòkè. Lóòótọ́, agbára rẹ̀ kò sún mọ́ bar 9 tí espresso gidi ń fẹ́, ìfófó orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ki, ó korò, a sì ń rí i mu ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ.