Agbabu Lórí Pẹpẹ Ìwé

Ọmọ tí wọ́n bí sí Agbabu kì í dúró de olùkọ́ kó tó mọ bítúmẹ́nì. Inú ilẹ̀ abúlé náà ni ọ̀dà dúdú yìí ti ń sun jáde fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá sì ti mú, á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Agbabu wà ní apá gúúsù Ọ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lórí ilẹ̀ bítúmẹ́nì tó gùn láti apá Èkó, tó gba Ògùn àti Oǹdó kọjá títí dé Ẹdó. Ká ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò dáadáa, tó ní òun ń wá ìwé lórí bítúmẹ́nì. Pẹpẹ wo ni wọn yóò júwe fún un? Ẹni tó bá tọpa ìbéèrè yìí dé òpin ni yóò mọ bí ọgbọ́n tó wà nínú ètò ìwé ṣe jinlẹ̀ tó.

Ètò tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀ lé ni èyí tí Melvil Dewey, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé Amherst College, ní Massachusetts. Ọdún 1876 ló tẹ̀ ẹ́ jáde, kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà náà. Ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 44 ni, kò tilẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, pẹpẹ ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń fún ní nọ́ńbà. Ìwé tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta lórí pẹpẹ kejì, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Ìwé tuntun a bọ́ sẹ́yìn pátápátá, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti ìwé tó wà níwájú ń sọ. Bí pẹpẹ bá sì kún, gbogbo nọ́ńbà di àtúnkọ. Dewey ní ọ̀rọ̀ inú ìwé ni kí á fún ní nọ́ńbà. Láti ìgbà náà, ẹ lè kó ìwé láti yàrá kan sí òmíràn, ìwé sì lè di ìlọ́po mẹ́wàá, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé kò ní yẹ̀.

Ìpín mẹ́wàá ló pín ìmọ̀ sí. 000 ni ìmọ̀ gbogboogbò àti kọ̀ǹpútà, 100 ni fílọ́sọ́fì àti ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀dá, 200 ni ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ àwùjọ ló ni 300: ìṣèlú, òfin, ọrọ̀ ajé, ètò ẹ̀kọ́, àṣà. Èdè wà ní 400, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní 500. Ohun gbogbo tí ènìyàn ń fi ìmọ̀ ṣe, láti orí ìṣègùn dé iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti oúnjẹ sísè, wà ní 600. Iṣẹ́ ọnà, orin àti eré ìdárayá wà ní 700, lítíréṣọ̀ ní 800, ìtàn àti jọ́gíráfì ní 900. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún pín sí mẹ́wàá, mẹ́wàá náà tún pín sí mẹ́wàá. Nínú 500, 550 ni ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Nínú ìyẹn, 553 ni àwọn ohun tó ní láárí lábẹ́ ilẹ̀. Tí a bá fi pọ́ìntì sí i tó di 553.2, a ti dé ọ̀dọ̀ èédú, epo rọ̀bì àti àwọn ìbátan wọn. Ibi pọ́ìntì yìí ló máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. 553.28 ń ṣáájú 553.3, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́ìntì, 2 sì kéré sí 3. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò tún ní nílò ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ dé ìdí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá bá ọmọ Agbabu wá ìwé rẹ̀. Bó bá fẹ́ mọ ohun tí bítúmẹ́nì jẹ́ àti bó ṣe dé inú ilẹ̀, 553.2 ni yóò lọ. Bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di títì ọlọ́dà ló wù ú láti mọ̀, 625.8 ni, lọ́dọ̀ àwọn ìwé ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà. Òwò ohun àlùmọ́ọ́nì àti ẹni tó ń jàǹfààní rẹ̀ wà ní 338.2. Ìbàjẹ́ tí ìwakùsà lè mú bá omi àti afẹ́fẹ́ wà ní 363.73. Bó bá sì jẹ́ ìtàn ni, pé ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ lágbègbè yẹn kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ ní 1914, yóò kọjá sí 966.9, níbi tí ìtàn Nàìjíríà wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹni tí kò mọ̀dí lè sọ pé ńṣe ni wọ́n fọ́n ọ̀rọ̀ kan ká. Kó wo àwọn aládùúgbò ìwé kọ̀ọ̀kan ná. Bí ọmọ bá na ọwọ́ sí bítúmẹ́nì ní 553, èédú irú ti Ẹnúgù àti wúrà irú ti Iléṣà kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ní 363, ọ̀rọ̀ omi mímu àti ìmọ́tótó ìlú ló yí i ká. Ìwé kan ló bá wá, ó fi ojú rí mẹ́wàá tí kò mọ̀ pé ó wà láyé. Dewey fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan lè ní ojú púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣe atọ́ka sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè wo orúkọ ohun kan kó sì rí gbogbo nọ́ńbà tó wà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti odò Oluwa tó ṣàn gba Agbabu kọjá. Ẹja inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá, wà ní 597. Ẹja tí apẹja ń pa tà wà ní 639. Ẹja tó ti dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wà ní 641. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìjàpá. Ìjàpá tó ń rìn nínú igbó wà ní 597.92, àmọ́ Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí a ń pàlọ́ rẹ̀, wà ní 398.2, láàárín àwọn ìtàn ìbílẹ̀. Àwọn òwe wa wà nítòsí rẹ̀ ní 398.9. Kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Odigbo ń gbìn wà ní 633.74. Ìjà Ọ̀rẹ̀ ti ọdún 1967, tí àwọn àgbà ṣì ń pòwe rẹ̀ títí dòní, wà ní 966.9 pẹ̀lú ìyókù ìtàn ogun abẹ́lé Nàìjíríà.

Lítíréṣọ̀ náà ní àrà tirẹ̀, nítorí èdè tí òǹkọ̀wé fi kọ ìwé ló ń pinnu ibi tí ìwé yóò wà. Eré oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì wà ní 822. D.O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, wà ní 896.333, ilé lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ìwé náà kò bá àwọn eré rẹ̀ lọ sí 822. Ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń darí rẹ̀ sí.

Ètò yìí kò ṣàì ní àbùkù. Ẹni tó ṣe é wo ayé láti ibi tó dúró sí. Ní 200, ẹ̀sìn Kírísítì gba láti 220 dé 289, ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà ní 297, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà sì fún ara mọ́ 299.6. Ní 400, Látìnì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú 470, nígbà tí Yorùbá ń gbé ní 496.333. Dewey fúnra rẹ̀ kò mọ́ látòkè délẹ̀: ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àmì ẹ̀yẹ wọn nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìwọ̀sí tó ń fi lọ àwọn obìnrin. Síbẹ̀, ààyè tó há kì í ṣe ààyè tí kò sí. Ẹni tó bá kọ ìtàn Agbabu tàbí orúkọ àwọn ẹja odò Oluwa sínú ìwé, nọ́ńbà ti wà nílẹ̀ de ìwé rẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ tóbi kó tó ṣe é. Láti 1894 ni ẹ̀dà kúkúrú ètò náà ti wà fún àwọn ilé ìkàwé kéékèèké. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ti fi ilé ìkàwé Abadina ní Yunifásítì Ìbàdàn hàn wá pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ní ilé ìkàwé gidi. Nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ òǹkọ̀wé, ti tó fún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ máa ń kó ìwé wá fún ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí sórí páálí ìwé tí ẹ gbé sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì. Ẹ jókòó ti àwọn ìwé náà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìwé tí ọmọ kò lè rí kò yàtọ̀ sí ìwé tí ẹ kò rà.